Ẹ Má Fọ Wálàá Ẹni tí Kò Sí Nílé

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kódà bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, èmi ni mo ṣe é, àdúrà mi sì ni pé kí ẹ̀yin má ṣe irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan. Bí ẹ bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ẹ rí i pé ẹnì kan ti wọ ilé ìdáná yín lóru, tó gbé iyọ̀ kúrò níbi tó máa ń wà, tó gbé ọ̀bẹ lọ síbòmíràn, tó kun ògiri ní ọ̀dà tuntun, tó wá ní kí wọ́n sọ fún yín pé òun ti bá yín tún un ṣe, ṣé ẹ ó dúpẹ́? Ó ṣeé ṣe kí ilé ìdáná náà dára ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ, ẹ kò sì mọ ibi tí iyọ̀ wà. Ohun tí mo ṣe fún Àáfà mi ní ọdún 2025 gan-an nìyẹn.

Àáfà yìí ló kọ́ mi ní kéwú ní Ìkòròdú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wálàá onígi la lò nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé kéwú àtijọ́ mọ bó ṣe máa ń rí. Àáfà á fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sójú wálàá, ọmọ á jókòó tì í, á máa kà á láàárọ̀, á máa kà á lálẹ́, títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọ wálàá náà kí ọmọ tó kà á sétí Àáfà. Ìgbà tó bá kà á tó yanjú ni wọ́n ó tó bu omi sí i, kí wọ́n fọ ọ́, kí wọ́n tó kọ tuntun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Nígbà tó yá, Àáfà padà sí Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ ìlú rẹ̀, ó dá ilé kéwú tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi dúró sí Ìkòròdú, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sí ẹ̀bá Sábó, níbi tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, tí mo sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀nà Ìtòìkín ni mo máa ń gbà lọ kí i. Ọmọ rẹ̀ kan ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù fún un kí ó lè máa fi tẹ ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kéwú. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe dúró lórí Windows 7. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, fáírọ́ọ̀sì ti bo ẹ̀rọ Àáfà. Gbogbo ìgbà tó bá ki fláàṣì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń bá a tẹ ìwé jáde, fáírọ́ọ̀sì ló ń gbà bọ̀ wálé. Á ṣí fódà rẹ̀, á rí i pé gbogbo fáìlì ti pòórá, àwọn àmì ẹ̀tàn ló kù síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò sì lágbára tó láti gbé Windows 10 dáadáa.

Nígbà tí wọ́n dẹ ọwọ́ ìsémọ́lé Kòrónà ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, mo gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi Linux sí i.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Linux ni ẹ̀mí kọ̀ǹpútà tí ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 1991 nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, tó sì tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn wá ń gbé ara wọ ẹ̀mí náà, oríṣiríṣi ara sì ló ní. Ọ̀kan nínú wọn ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀, tó kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Ní oṣù kẹrin gbogbo ọdún méjì, wọ́n máa ń gbé ẹ̀dà kan jáde tí wọ́n ń fi ọdún márùn-ún tún ṣe, tí wọ́n sì ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ẹ̀dà 20.04, tó jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2020, ni mo fi sí ẹ̀rọ Àáfà.

Àwọn mùsùlùmí kan tilẹ̀ ti gbé Ubuntu tiwọn jáde rí, ní nǹkan bí ọdún 2007. Ubuntu Muslim Edition ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Sabily. Zekr wà nínú rẹ̀ fún kíka àti wíwádìí Al-Kùránì, Minbar sì wà níbẹ̀ tó ń sọ àkókò ìrun. Orí Ubuntu 11.10 ni wọ́n gbé ẹ̀dà rẹ̀ tó jáde kẹ́yìn kà. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ó dúró. Ohun tí a bá rí lójú kọ̀ǹpútà lónìí, kò dájú pé a ó bá a níbẹ̀ lọ́la.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ Àáfà. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni nígbà náà. Mo kọ ìlà mẹ́fà sínú ìwé gbàgbà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì rẹ̀. Ìlà kejì sọ pé: "Ẹ wo òkè lápá òsì, ẹ ó rí Activities, ẹ tẹ̀ ẹ́." Ìlà kẹta sọ pé: "Fódà Ẹ̀KỌ́ wà lójú kọ̀ǹpútà, lókè lápá òsì." Ìlà kẹfà sọ pé: "Tí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ lọ sókè lápá ọ̀tún, ẹ wá Power Off / Log Out." Àáfà kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lójú bí ènìyàn ṣe ń mọ ojú ará ilé rẹ̀.

Mo tún tò ó kí ó lè fi kíbọ́ọ̀dù kan náà kọ Lárúbáwá àti Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà wà nínú Linux, ti Yorùbá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ènìyàn bá tẹ kọ́kọ́rọ́ tí àmì Windows wà lára rẹ̀ pọ̀ mọ́ àlàfo gígùn ìsàlẹ̀, èdè á yí padà. Inú Àáfà dùn sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní bí fatha àti kasra ṣe ń yí ìtumọ̀ Lárúbáwá padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, kí ló wá dé tí a ó máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i? Láti ìgbà náà, alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Àáfà ń tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ojú kan, pẹ̀lú àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á sì gbà á láàárọ̀ Sátidé. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe é, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì kankan.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí àṣìṣe mi.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọdún márùn-ún ẹ̀dà 20.04 pé. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá tún ihò ara rẹ̀ dí mọ́ dà bí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ń jẹrà, tí onílé sì ń sùn. Kò burú láti fẹ́ tún un ṣe. Nígbà tí mo lọ kí Àáfà fún Iléyá ní oṣù kẹfà, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn nínú ẹ̀rọ yìí ń pariwo. Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Ariwo atẹ́gùn nìkan ló fi rán mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sàmì sí i. Mo gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ ní Ìkòròdú, mo gbọn eruku inú rẹ̀, ariwo náà sì dákẹ́. Mo wá sọ fún ara mi pé, níwọ̀n ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ mi, kí n kúkú sọ ọ́ dọ̀tun.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn tó ni Ubuntu ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ubuntu Pro. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè fi ọdún márùn-ún mìíràn máa gba àtúnṣe lórí ẹ̀dà àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, títí dé orí kọ̀ǹpútà márùn-ún. Tí mo bá ṣe ìyẹn, olè kò ní ráyè wọlé, ojú ẹ̀rọ náà kò sì ní yàtọ̀ rárá. N kò sọ fún Àáfà, n kò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Kí n má purọ́ fún yín, ojú tuntun yẹn ló wù mí. Mo ti ń lò ó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó dára lójú mi, mo sì rò pé ohun tó dára lójú mi gbọ́dọ̀ dára lójú gbogbo ènìyàn.

Mo kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì Àáfà sínú dísìkì mìíràn, ìyẹn nìkan ni mo ṣe tó dára. Ènìyàn kò lè fò láti 20.04 bọ́ sí 24.04 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní láti kọ́kọ́ dúró ní 22.04, bí ẹni tó ń gun àkàbà. Dátà tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ ju gigabyte kan lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìṣáà. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. A dé àárín ìkejì, iná lọ. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Ìjẹ̀dẹ́ níhìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni ibùdó iná Ẹ̀gbìn wà láti ọdún 1985, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè 1,320 megawatt, síbẹ̀ òkùnkùn mọ ilé wa. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà kò lè lo wákàtí kan. Bó bá kú láàárín ìsọdọ̀tun, ó ṣeé ṣe kó má jí mọ́. Mo sáré tan jẹnẹrétọ̀, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbá, ó parí.

Ọmọ Àáfà wá sí Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ náà fún un. Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mo ti sọ ọ́ di tuntun." Mo ń retí kí wọ́n pè mí, kí wọ́n gbàdúrà fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo pè é, ó ní, "A dúpẹ́, ariwo rẹ̀ ti lọ." Ọ̀sẹ̀ kejì, a dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, a dúpẹ́. N kò fura.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo lọ sí yìgì kan ní Ẹ̀pẹ́, mo sì yà kí i. Aṣọ funfun ni mo bá lórí kọ̀ǹpútà náà, bí ìgbà tí wọ́n bo òkú. Lórí tábìlì, mo rí ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ ni Àáfà fi kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ìlà náà kò tọ́ mọ́. Mo gbójú sókè wo ìwé ìlà mẹ́fà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ti fi bírò fa igi lu ìlà kejì, ìkẹta àti ìkẹfà.

Mo ní, "Àáfà, kí ló dé tí ẹ kò lo ẹ̀rọ yín mọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ mi, ọpọlọ bàbá rẹ ti ń gbó. Mo wá ọ̀rọ̀ tí o kọ síbẹ̀ yẹn, n kò rí i. Mo ní bóyá ojú mi ni. Mo nu awò mi, mo tún wò ó. Fódà Ẹ̀KỌ́, n kò rí i níbi tó máa ń wà. Nígbà tí mo fẹ́ pa á, n kò rí ibi tí wọ́n ń gbà pa á. Mo fi í sílẹ̀ títí bátìrì fi kú fúnra rẹ̀. Mo ní, háà, ó ti dé náà nìyẹn. Bàbá mi náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ kò pè mí, Àáfà?"

"Ojú tì mí. O fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ mi. Ṣé kí n wá sọ fún ọ pé mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá yìí fi jókòó sílé, tó ń rò pé ọpọlọ òun ti ń lọ, nítorí ohun tí èmi fi ọwọ́ mi ṣe lóru ọjọ́ kan ní Ìkòròdú. Kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo kó àwọn nǹkan náà kúrò níbi tó mọ̀ wọ́n sí.

Mo ṣí ẹ̀rọ náà, mo sì fi hàn án. Nínú ẹ̀dà 24.04, ọ̀rọ̀ náà Activities kò sí lójú mọ́. Àmì tó gùn díẹ̀ pẹ̀lú àmì róbótó kékeré ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn fáìlì ojú kọ̀ǹpútà, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n ti ń tò wọ́n báyìí, kì í ṣe òkè lápá òsì. Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ti lọ, bọ́tìnnì róbótó kan ló wà níbẹ̀ láàárín àwọn bọ́tìnnì ńlá ńlá mìíràn. Nǹkan mẹ́ta péré! Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wọ̀nyẹn gan-an ni Àáfà fi mọ̀nà.

Mo ní, "Àáfà, ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ kò gbàgbé. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò."

Ó wo ojú ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá wojú mi. Ó ní, "Ta ló yọ ọ́?"

N kò lè dáhùn.

Ó ní, "Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, ṣé mo fọ wálàá rẹ rí nígbà tí o lọ pọnmi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé.

Lẹ́yìn tí ara tù wá, mo sọ ìtàn kan fún un tó pa á lẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, àwọn tó ń ṣe ojú Linux tí wọ́n ń pè ní GNOME yí i padà pátápátá. Ní oṣù kan náà, Ubuntu náà gbé ojú tuntun tirẹ̀ jáde, Unity. Ìbínú sọ láàárín àwọn tó ń lò ó káàkiri ayé. Linus Torvalds fúnra rẹ̀, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn ní gbangba lórí GNOME tuntun yẹn ní ọdún 2011, ó sì kó lọ sórí ojú mìíràn tó ń jẹ́ Xfce. Àwọn kan gba ojú àtijọ́ náà, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lọ, wọ́n sọ ọ́ ní MATE. Àwọn tó ni Linux Mint kọ́ Cinnamon tiwọn. Nígbà tó di ọdún 2017, Shuttleworth kéde pé àwọn ń fi Unity sílẹ̀, Ubuntu sì padà sórí GNOME.

Àáfà ní, "Ẹni tó kọ́ ilé kò mọ ẹnu ọ̀nà mọ́?"

Mo ní, "Òun ló mọ ìpìlẹ̀, àwọn mìíràn ló kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí, Àáfà. Òun náà sọnù."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí i pé ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Mo wá bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í ṣáájú. Mo ní, "Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Mo lè dá ti àtijọ́ padà fún yín pẹ̀lú ètò Pro. Mo lè fi MATE sí i, tó jọ kọ̀ǹpútà àtijọ́. Tàbí kí a jọ kọ́ èyí. Èwo lẹ fẹ́?" Ó ronú, ó ní kí a kọ́ èyí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ wálàá ni a ó ṣe kọ́ ọ: ohun kan lójúmọ́, n kò sì gbọ́dọ̀ fi òmíràn kún un títí òun yóò fi ṣe ìkíní níṣojú mi láìwo ibì kankan.

Mo sun Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, a wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, mo fi ọwọ́ Àáfà fúnra rẹ̀ dá àyè fáìlì padà sí òkè lápá òsì, bíi ti tẹ́lẹ̀. Fódà Ẹ̀KỌ́ padà sílé. A sọ lẹ́tà di ńlá. Ọjọ́ kejì, mo kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kí n ti kọ́ ọ láti ọdún 2020: dípò kí ó máa wá Activities pẹ̀lú ọfà, kí ó kàn tẹ kọ́kọ́rọ́ tí àmì Windows wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ bákan náà nínú 20.04, ó ń ṣiṣẹ́ nínú 24.04. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọ̀dà ara ògiri ni mo fi júwe ilé fún un, nígbà tí ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò yẹ̀. Ctrl pẹ̀lú S láti fi pamọ́, Ctrl pẹ̀lú P láti tẹ̀ ẹ́ jáde, kọ́kọ́rọ́ Windows pẹ̀lú àlàfo gígùn láti yí èdè padà: kò sí èyí tó yí padà nínú wọn.

Mo padà sí Ìkòròdú, ṣùgbọ́n Sátidé mẹ́ta léra wọn ni mo ń lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, Àáfà já ìwé ìlà mẹ́fà mi kúrò lára ògiri, ó lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ànjẹmí ló fi kọ ọ́, Yorùbá nínú lẹ́tà Lárúbáwá, bó ṣe yé e. Ó tilẹ̀ rí ohun kan tó fẹ́ràn nínú ojú tuntun náà: nínú àpótí bọ́tìnnì òkè lápá ọ̀tún, ó lè fi ìtẹ̀ kan ṣoṣo sọ ojú ẹ̀rọ di dúdú kí ó má baà máa gún un lójú lálẹ́. Ó ní, "Èyí dára. Ká ní o bi mí ni, mi ò bá ti gbà."

Kí ni ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́, tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ?

Àkọ́kọ́: Ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, amaanah ni. Ohun tí wọ́n fi rán yín ni kí ẹ ṣe. Tí ẹ bá rí ohun mìíràn tó yẹ ní ṣíṣe, ẹ sọ fún oní-nǹkan, kí ẹ sọ gbogbo ọ̀nà tó wà, kì í ṣe èyí tó wu ẹ̀yin nìkan.

Èkejì: Ẹ má tìtorí èyí kọ ìsọdọ̀tun sílẹ̀. Ẹ̀dà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ihò wà lára rẹ̀. Ẹ̀dà 22.04 náà ń sún mọ́ òpin ọdún márùn-ún tirẹ̀ ní 2027. Ẹni tó ń lò ó, kí ó ti máa múra láti ìsinsìnyí.

Ẹ̀kẹta: Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn. Ẹ rí i pé iná wà, tàbí pé ohun tó lè dípò iná wà nítòsí. Ẹ wò ó bóyá àyè kù nínú dísìkì. Tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ẹ̀dà tuntun náà sórí fláàṣì, kí oní-nǹkan kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Linux gba èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀.

Ẹ̀kẹrin: Tí ẹ bá ń kọ́ ènìyàn, ẹ fi ohun tí kì í yí padà kọ́ ọ. Àwòrán á yí, àyè á yí, àwọ̀ á yí. Ẹni tó bá mọ ìdí tí òun fi ń tẹ nǹkan, kò ní sọnù pẹ́.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ̀yin tí wọ́n yí ẹ̀rọ yín padà, yálà kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, tí ẹ kò mọ̀nà mọ́, ẹ má sọ pé ọpọlọ yín ni. Ẹ bèèrè. Àwọn tó kọ ọ́ gan-an sọnù nínú rẹ̀ rí. Ìtìjú tó dá Àáfà mi dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìbéèrè ìṣẹ́jú kan ni ì bá mú un kúrò.

Ẹ̀kẹfà, òun ló sì ká mi lára jù: ẹni tó bá yí irinṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣí. Ọjọ́ tí ọwọ́ ẹni náà bá tún mọ̀nà, tó ń ṣe é láìbèèrè, ọjọ́ yẹn ló parí. Ẹ fi ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ sínú owó iṣẹ́ náà.

Bí ẹ bá ní bàbá, ìyá tàbí olùkọ́ kan tí ẹ bá tún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe láìpẹ́ yìí, ẹ má ṣe fóònù lásán sí i. "A dúpẹ́" tí àwọn àgbà ń sọ, nǹkan púpọ̀ ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá aṣọ funfun ti bo ẹ̀rọ náà.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Àáfà fi ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi. Ojú kan péré ni, àmì sì wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn olùkọ́ wa ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, kí Ó sì fún àwa ọmọ wọn ní sùúrù láti kọ́ wọn bí wọ́n ti ṣe kọ́ wa.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wassalaam.